Bí Bàbá Àgbà Ṣe Bẹ Kóòṣì ní Milton

Gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ níbi fídáù bàbá àgbà mi ló purọ́, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni Àlàájì Sàlámì. Wọ́n ní wọn kì í bínú, wọn kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀. Obìnrin kan tí Bàbá lé jáde nílé wa nítorí pé ó gbé bàtà gun kápẹ́ẹ̀tì náà dìde, ó nu ojú, ó ní bàbá bí irú èyí ṣọ̀wọ́n. Èmi ń pín omi inú ike lẹ́yìn gbọ̀ngàn tá a háyà ní Etobicoke, mo sì ń wò wọ́n lẹ́nu. Mo mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bá òkú yìí gbé ilé kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti dé Kánádà, mi ò sì rí èèyàn jẹ́jẹ́ kankan níbẹ̀.

Wolé-wolé ni Bàbá ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá dàgbà nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wọ ilé onílé láì kan ìlẹ̀kùn, tó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà nínú ẹ̀, tó sì lè gbé baálé ilé lọ sí kóòtù nítorí pé àgbàlá rẹ̀ dọ̀tí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ kí màmá mi, tó jẹ́ ọmọ wọn, tó mú wọn wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ikú ìyá àgbà. Àwọn ni wọ́n fẹ̀yìn tì, ojú wọn ò fẹ̀yìn tì. Tá a bá lọ kí èèyàn ní Brampton, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ṣe àlùwàlá, wọ́n á pẹ́ nínú balùwẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá sì jáde, wọ́n á sọ fún onílé pé páìpù rẹ̀ ń jò, pé nǹkan dúdú ti ń hù lẹ́yìn ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ̀. Nígbà yẹn, a ò ì tíì jẹ oúnjẹ tó sè fún wa tán. Màmá mi á bẹ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má dójú ti òun mọ́. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún un: "Ẹni tó rí ìdin tí kò sọ, òun ló ń sìn ín."

Ohun kan wà tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní fi dù wọ́n. Wọ́n mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Bí tọkọtaya kan bá jà nínú ẹgbẹ́ àsálátù wa, Bàbá ni wọ́n máa ń mú lọ. Ní ọdún kan, màmá mi àti ìyàwó Àlàájì Yínúsà fa ọ̀rọ̀ nítorí ìkòkò ẹgbẹ́ tó jóná, wọn ò sì kí ara wọn mọ́. Bàbá wọ agbádá lọ síbẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Wọn ò gbèjà màmá mi rárá. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn kọ́ tí kò gbẹ̀kọ́ ni. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ó gbéraga, ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bàjẹ́. Wọ́n ń bu màmá mi lọ bẹ́ẹ̀ títí obìnrin náà fi figbe bọnu pé, "Rárá o, Bàbá, ó tó. Ọmọ yín ò burú tó yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú lífúùtì, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ wọn. Inú wọn dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Tó o bá bu ọmọ ẹ tó, ẹni tó ń bínú á gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Jàmíù, àbúrò mi, kọ́tábáàkì ni. Bọ́ọ̀lù tó ń gbá kì í ṣe èyí tá a mọ̀ nílé. Èyí tó ṣóńṣó lórí méjèèjì ni, tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí àwọn géńdé á sì máa ṣubú lé ara wọn lórí nítorí ẹ̀. Kọ́tábáàkì lẹni tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹ̀, òun ló máa jù ú sí ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ tàbí kó gbé e fún ẹni tó máa sáré. Kóòṣì ló ń pinnu èyí tó máa ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ràn. Bàbá kórìíra eré náà, "ìjà ẹyin" ni wọ́n ń pè é, síbẹ̀ kò sí ẹyọ kan tí wọn kì í wò. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ ni aṣọ yẹ́lò tí rẹfirí máa ń sọ sílẹ̀ tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ sófin. Gbàrà tí aṣọ yẹn bá ti balẹ̀, wọ́n á na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní, "Sámáǹsì!"

Jàmíù ti wà lẹ́gbẹ́ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà fówó fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó fi í ṣe kọ́tábáàkì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kóòṣì ní kó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó ń sáré. Ó jù ú. Ọ̀tá hán an. Kóòṣì jágbe mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Jàmíù wò ó, ó ṣí akoto rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì rìn wọlé lọ nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kámẹ́rà ń tẹ̀ lé e títí ìlẹ̀kùn fi pa dé. Màmá mi ti káwọ́ lé orí. Bàbá gbé ife tíì wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ti kúrò nídìí iṣẹ́." Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi ní kó máa lọ. Odindi ọdún méjì kọjá lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ kankan ò pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Brampton, ó ń ti àpótí. Tó bá sì ti délé, á bọ́ sí pápá ìṣeré lẹ́yìn ilé wa, á máa ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n.

Ìgbà yẹn ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àsálátù bá ti parí lọ́jọ́ Àìkú, Àlàájì Yínúsà á bá wa wálé. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń gbé kalẹ̀, bóyá ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tún gba Jàmíù síṣẹ́. Jàmíù á wà nínú pálọ̀ níbẹ̀, á máa jẹun.

"Ẹ fún ọmọ náà láàyè kan sí i," Àlàájì Yínúsà á ní. "Ta ni ò ṣàṣìṣe rí?"

"Bọ́ọ̀lù tó sọ nù, àṣìṣe nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó fi rìn wọlé ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ náà ṣèèṣì ni?"

"Ọmọdé ni, Sàlámì. Ọlọ́run pàápàá ń gba túúbá."

"Ọlọ́run ò kọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kankan. Ọlọ́run lè dúró de èèyàn. Kóòṣì ní eré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Grandpa, I'm right here," Jàmíù á ní.

"Mo rí ẹ. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ sókè nìyẹn."

Bàbá á wá kà á fún un bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka ẹ̀sùn ní kóòtù: kì í gbọ́ràn, láti kékeré ni kì í gbọ́ràn, agídí ni, oorun àárọ̀ ti pa á, ó rò pé òun gbọ́n ju ẹni tó gba òun síṣẹ́ lọ. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n máa fi ń dé e: "Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbà á." Màmá mi á gbé abọ́ kúrò níwájú wọn kí wọ́n tó jẹun tán, ìyẹn nìkan ló lè fi bínú. Mo kórìíra wọn nígbà náà. Mò ń sọ ọ́ bó ṣe wà. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ kí n máa wo eyín wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹran tí Jàmíù fowó ara ẹ̀ rà, tí wọ́n sì ń sọ pé kò wúlò.

Nígbà tó wá di ìgbà òtútù kan, ọ̀nà ṣí. Kọ́tábáàkì tí ẹgbẹ́ àtijọ́ ẹ̀ fi rọ́pò ẹ̀ fi èjìká ṣèṣe, wọ́n ní àfi kí wọ́n là á. Kóòṣì náà fúnra ẹ̀ pe Jàmíù, ó ní kó wá ju bọ́ọ̀lù kí òun wò ó. Ó jù ú dáadáa. Kóòṣì ní òun máa pinnu ní ọjọ́ Ajé, láàárín Jàmíù àti ọmọ kan tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Jàmíù bá wa jókòó sídìí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ yìí. Ó ní tí èyí bá bọ́, ó parí nìyẹn, kò sí ẹgbẹ́ tó máa mú ẹni tí ọdún tó jókòó sílé ti ń lọ sí mẹ́ta.

Bó ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, màmá mi ní, "A gbọ́dọ̀ rán àgbà lọ."

Mo ní, "Màámi, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. It's a job. Ó ti wò ó, ó kù kó pè é."

"Ṣé kóòṣì ọ̀hún kì í ṣe èèyàn ni? Ó rìn kúrò níwájú ẹ̀ lójú gbogbo ayé, ẹnì kankan ò sì bẹ̀ ẹ́. Ẹni tá a bá ṣẹ̀, a máa ń bẹ̀ ẹ́ ni."

Ó bá kúnlẹ̀ síwájú bàbá ẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa lé e ni. Wọ́n wò ó títí, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ní kí n bá àwọn lọ agbádá funfun. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ti ń sọ fún ọdún méjì pé kò yẹ kí wọ́n gbà á, òun ló ń wá fìlà.

Èmi ni mo wa ọkọ̀. Yìnyín bo gbogbo Milton, àwọn ilé tuntun ibẹ̀ sì jọra débi pé tí kì í bá ṣe pé mo ti gbé Jàmíù wá jẹun nílé kóòṣì rí, mi ò bá tí dá a mọ̀. Bàbá fi agbádá lé orí kóòtù òtútù, ó wú wọn jáde bí àpò èlùbọ́. Àlàájì Yínúsà wà lẹ́yìn. Kóòṣì ló ṣílẹ̀kùn fúnra ẹ̀, ó wọ sálúbàtà. Kí n tó sọ ẹni tá a jẹ́ tán, Bàbá ti dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Ìyàwó kóòṣì sáré jáde, ó ti gbé fóònù dání, ó rò pé àìsàn ló gbé wọn ṣubú.

"I am not sick, madam," Bàbá ní látilẹ̀. "I am begging."

Gẹ̀ẹ́sì Bàbá já gaara, Gẹ̀ẹ́sì ìjọba ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo máa fi kọ èyí tó kù, nítorí pé Yorùbá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde lẹ́nu wọn.

"Ẹ dákun, ọ̀gá, ẹ bá wa forí jì í. Ọmọ tí mo wá bẹ̀ yín nítorí ẹ̀ yìí, kì í gbọ́ràn. Láti kékeré ni kì í gbọ́ràn. Agídí ni."

"Òótọ́ ni, ọ̀gá," Àlàájì Yínúsà gbè é lẹ́sẹ̀ bó ṣe yẹ.

Kóòṣì ò sọ nǹkan kan. Ó ń wo ìkíní, ó ń wo ìkejì. Nílé wa, tí ẹni tí à ń bẹ̀ ò bá tíì fọhùn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kò tíì tó. Bàbá bá fi kún un. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni láàárọ̀. Wọ́n ní ó rò pé òun gbọ́n ju ẹni tó gba òun síṣẹ́ lọ. Kóòṣì dákẹ́ síbẹ̀, wọ́n tún fi kún un.

Mo ní, "Coach, what he means is—"

"Múlíkà, àgbà ń sọ̀rọ̀." Wọn ò tiẹ̀ yíjú sí mi. Wọ́n wá gbé orí sókè látilẹ̀, wọ́n sì sọ èyí tó kù: "Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbà á."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí kóòṣì ti ní ó tó. Ọmọ Yorùbá kankan ì bá má jẹ́ kó dé ibẹ̀ rárá. Kóòṣì na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé wọn dìde, omi sì lé lójú ẹ̀. Ó ní, "Thank you for your honesty, sir. I know that wasn't easy."

Inú àwọn àgbà méjèèjì dùn títí a fi délé. "Ojú ẹ̀ ti rọ̀," Bàbá ń wí. "Ẹ ò rí omi lójú ẹ̀?"

Ní ọjọ́ Ajé, Jàmíù wọlé láti ibi iṣẹ́, ó gbé bàtà tó kún fún yìnyín gun kápẹ́ẹ̀tì, Bàbá ò sì sọ nǹkan kan nípa bàtà náà. Ọmọ ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n mú. Kóòṣì ti pe Jàmíù, ó ní òun fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

"He said my own grandfather drove through the snow to warn him," Jàmíù ní. "Grandpa, did you tell him not to take me?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ ni."

"Did you say if it was you, you wouldn't take me?"

"Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn."

"But did you mean it?"

Bàbá lè sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni gbogbo wa ń retí, màmá mi ti ń mi orí sí wọn pé kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n wo ọmọ náà láti orí dé bàtà. "Èèyàn kì í fi irọ́ bẹ̀bẹ̀," wọ́n ní.

Jàmíù kó ẹrù ẹ̀, ó lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé ní Brampton. Kò tún bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ náà sì fọ́ ilé wa sí méjì. Àlàájì Yínúsà ń fi Kùránì búra pé ẹ̀bẹ̀ tó dáa jù lọ tí òun rí rí nìyẹn, pé òyìnbó ni ò mọ̀ ọ́n gbà. Màmá mi ní ẹ̀bẹ̀ kọ́, ó ní bàbá òun lọ fi ẹnu ba ohun tí ọmọ òun fi ọwọ́ ara ẹ̀ wá jẹ́. Èmi ò lè mú ìkankan. Tí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Tí wọn ò bá mọ̀ọ́mọ̀, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi, nítorí pé gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé Kánádà, tí wọ́n ń yẹ ilé onílé wò, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn níbí. Mo sọ ìyẹn fún wọn lójú. Wọ́n ní kí n lọ wo abẹ́ síǹkì, pé nǹkan ń rùn níbẹ̀.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, Bàbá ń wo ọmọ ìwọ̀ oòrùn náà. Aṣọ yẹ́lò ń balẹ̀, wọn kì í pe sámáǹsì mọ́. Ẹ má rò pé ìyẹn mú ọkàn mi rọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn yẹ kó gbé fóònù.

Wọ́n kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n kírun Sùbúhì tán, lórí àga wọn, láì ṣàìsàn. Jàmíù wá síbi ìsìnkú, ó gba ṣọ́bìrì, ó da yẹ̀pẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ. A ò mọ̀ bóyá ó máa wá sí fídáù. Ó wá. Ó jókòó sídìí ìlẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo irọ́ tí wọ́n pa. Nígbà tí Àáfà ní kí ẹni tí Bàbá bá ṣẹ̀ forí jì wọ́n nítorí Ọlọ́run, gbogbo ojú yí sí i. Kò sẹ́ni tí ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ Milton.

Ó dìde, ó bọ́ bàtà, ó rìn gba àárín wa kọjá lọ síwájú. Ẹnì kankan ò dúró níwájú ibẹ̀, ògiri ló wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí i, bí ẹni pé ẹni tá a fẹ́ bẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Jàmíù tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wa lóhùn láti kékeré, Yorùbá ló sọ.

"Ẹ dákun, ẹ forí ji bàbá mi. Wọn kì í gbọ́ràn. Agídí ni wọ́n."

Àáfà wolẹ̀. Obìnrin tó sọ pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Bí ẹnikẹ́ni ò ṣe fọhùn, ó fi kún un.

"Wọ́n rò pé àwọn gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Wọ́n dójú ti màmá mi nílé àwọn èèyàn. Wọ́n ba ọ̀nà mi jẹ́, wọn ò sì túúbá títí wọ́n fi kú."

Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ gbé e dìde. Àlàájì Yínúsà na ọwọ́, ó dá onítọ̀hún dúró, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo mọ ohun tó kàn, mo ti gbọ́ ọ rí lórí ẹní ìbọ́bàtà kan ní Milton.

"Tó bá jẹ́ èmi ni," Jàmíù ní, "mi ò ní—"

Mo ti gbé ike omi sílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé iwájú, èmi tí inú ń bí jù nínú gbogbo wọn. Mo di apá ẹ̀ mú.

"Ó tó, Jàmíù," mo ní. "Ó ti tó. Dìde. Wọn ò burú tó yẹn."